Ta ní ń sanwó fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́?

Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, owó lọ̀rọ̀ máa kọ́kọ́ dá lé. Ọ̀gá á dárúkọ iye tí yóò gbà, wọn á kọ ìwé àdéhùn, onídùúró á fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí náà á fọwọ́ sí i, wọn á sì ra ohun mímu tí wọ́n á fi gbàdúrà. Ọmọ á gbé ẹ̀rọ tàbí irinṣẹ́ tirẹ̀ wá láti ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òun ni yóò máa gbálẹ̀, òun náà ni yóò máa lọ mú ọmọ ọ̀gá wá láti ilé ìwé. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Bí ọjọ́ fúrídọ̀ọ̀mù bá wá pé, ìnáwó mìíràn dé: aṣọ, oúnjẹ, fọ́tò, owó ẹgbẹ́, owó tí ọ̀gá yóò gbà kó tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ti débi fúrídọ̀ọ̀mù kan tí ohun tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà ju gbogbo owó tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ lọ. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àjèjì. Ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ló ń sanwó. Bí a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, tí wọ́n tún ń sanwó fún un lóṣooṣù, kì í fi í tètè wọ wá létí. Àwọn kan á ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn á gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Torí bí ẹni tó pè wọ́n bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ara ò ní fu wọ́n. Ṣebí owó la máa ń san ká tó kọ́ṣẹ́? Ṣebí owó la fi ń pe owó? Àṣà tó wúlò lọ́dọ̀ télọ̀ làwọn gbájúẹ̀ dì ní gàárì, tí wọ́n ń gùn kiri.

Ọmọ àbúrò mi kan tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, rí ìkéde kan lórí WhatsApp. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́fà, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Ó san ₦3,000 fún fọ́ọ̀mù. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti fáìlì lọ́wọ́. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ló bá nínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn wọ funfun. Ọkùnrin kan fi bíi wákàtí méjì sọ bí òun ṣe di olówó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí oníkálukú ra páálí ọṣẹ àti àgbo inú ike, kó lọ tà á, kó sì mú èèyàn méjì méjì wá sábẹ́ ara rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà nìyẹn. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ló pè mí. Ó ní, "Dádì, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Ìdáhùn tí mo fún un kúrú: wá ẹni tó ń sanwó náà. Ètò tó bá ń sanwó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àpò tí owó náà ti ń jáde, àpò náà sì máa ń ní orúkọ. Bí o bá ti rí àpò yẹn, o ti mọ̀ pé wọn kò nílò láti ki ọwọ́ bọ tìrẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù. Ní 1971, nígbà ìjọba Gowon, òfin ológun kan, nọ́ńbà 47, dá ITF, àjọ tó ń rí sí kíkọ́ èèyàn níṣẹ́, sílẹ̀. Jos ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà títí dòní, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Àwọn agbanisíṣẹ́ fúnra wọn ni òfin ní kí wọ́n máa dáwó sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin náà ṣe ní 2011, ilé-iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, tàbí tí ₦50 mílíọ̀nù ń wọlé fún lọ́dún, gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ITF. Òṣìṣẹ́ márùn-ún péré! Ilé búrẹ́dì àdúgbò yín lè ti wọ inú òfin yẹn kí ẹni tó ni ín má sì mọ̀.

Àjọ yìí ló dá SIWES, ètò tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi iṣẹ́ kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́, sílẹ̀ ní 1973. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó ní ọmọ ní LAUTECH tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ọmọ mi wà ní IT". IT yìí ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, òun sì ni àwọn ọmọ wa ń fi ṣeré jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ á lo oṣù mẹ́fà níta. Ti àwọn ọmọ poli tí ń ṣe ND jẹ́ oṣù mẹ́rin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún wọn jẹ́ ₦2,500 lóṣù, ìyẹn ₦15,000 fún oṣù mẹ́fà. Owó yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó gbé e padà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Torí pé ó kéré ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá ẹ̀gbọ́n tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí yóò bá wọn fi òǹtẹ̀ lu ìwé àkọsílẹ̀ wọn, tí wọ́n á sì jókòó sílé. Èmi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́, "Níbo lo ti ṣe IT, kí lo fọwọ́ rẹ ṣe níbẹ̀?" Mo sì ti rí ojú ẹni tí kò ní ìdáhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa IT ni pé owó ìjọba yẹn kò dí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ láti san tiwọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ lóṣooṣù, àwọn kan kì í fún wọn ní nǹkan kan. Èyí tó ń san, kì í gbé e sínú ìkéde. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń sọ fún.

Àwọn àpò yòókù pọ̀, wọ́n sì ń yí orúkọ padà bí ìjọba bá ti ń yí padà. Ní 1986 ni ìjọba Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò tó di NDE, èyí tó ń fi ọmọ tí kò kàwé púpọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, tó sì ń fi àwọn tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sí ilé-iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní 2012, ìjọba Jonathan gbé ètò kan jáde lábẹ́ SURE-P tó ń san owó oṣù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kí ilé-iṣẹ́ lè gbà wọ́n. Nílé wa níbí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba Abíọ́lá Ajímọ́bi gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú ohun tí wọ́n pè ní YES-O. Ní 2016, N-Power dé: ₦30,000 lóṣù fún ẹni tó ti gboyè, ní ilé ìwé, ní ilé ìwòsàn, ní oko. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n dá a dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé kẹ́yìn ṣì ń retí owó oṣù tí wọ́n jẹ wọ́n. Láàárín àwọn ètò wọ̀nyí ni Jubilee Fellows tí Buhari ṣí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2021. Àjọ UNDP ló ń ṣe é pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì wà lára àwọn tó ń gbówó kalẹ̀. Ẹni tó ti sìnlú tán ni wọ́n ń gbà, wọ́n á fi í sí ilé-iṣẹ́ kan fún odidi ọdún kan, wọ́n á sì máa sanwó fún un. 20,000 lọ́dún ni wọ́n dá lérò.

Mi ò ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ kí n lè dárò. Ìṣe wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó ń sanwó, mi ò sì mọ ọ̀kan nínú wọn tó ta fọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, wọ́n tì í, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣí. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí kó tó máa wá ìwé rẹ̀ kiri, ẹnu ọ̀nà ni yóò wà nígbà tí wọ́n bá tì í.

Ìwé wo? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí, torí ibí ni mo ti rí i tí ọmọ tó mọ̀wé jù ti ń ṣubú. Nọ́ńbà NIN àti BVN ni gbogbo ètò tó ń sanwó ń béèrè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígíìtì 11. Bí o bá ti gbàgbé NIN rẹ, tẹ *346# lórí láìnì tí o fi forúkọ sílẹ̀. Ti BVN ni *565*0#. Wọ́n á yọ náírà díẹ̀. Ìyẹn kò ní wàhálà. Orúkọ ni wàhálà. Ọmọ kan ń jẹ́ Adébáyọ̀ Kọ́láwọlé lórí NIN, ó jẹ́ Bayo Kolawole ní báńkì, ó jẹ́ Kọ́láwọlé Adébáyọ̀ Emmanuel lórí sàtífíkéètì WAEC, torí pé àlúfáà tó sàmì fún un ló fi Emmanuel kún un. Lójú ìyá rẹ̀, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ni, kò sì ní sanwó fún èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, tí wọ́n sì ti yí orúkọ ní ibì kan láìyí i ní ibòmíràn, tún wà nínú ìṣòro tó jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìbí burú ju orúkọ lọ. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba NIN fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti 2025, títún ọjọ́ ìbí ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ti di ₦28,574. Àwọn òbí wa tó sọ pé "ọjọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀" ni wọ́n bí ọmọ, tí olùkọ́ wá bá wọn fi January 1 sí i, kò mọ̀ pé gbèsè ni àwọn ń kọ sílẹ̀. Bí ètò bá ní ọjọ́ orí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, bíi 35 tí N-Power lò, ọdún kan péré tí wọ́n fi kún ọjọ́ orí ọmọ lè lé e jáde. Nítorí náà, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ìkánjú: NIN, BVN, WAEC, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìwé agùnbánirọ̀. Ẹ kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ti bára mu, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ tún un ṣe ní báńkì àti ní NIMC, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó máa ń gbà tó oṣù kan nígbà mìíràn, ìkéde kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni fún oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ kàfé ló kàn. Ní Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní àyíká àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀yọ́, bí ìkéde bá ti jáde, kàfé á kún. Oníkàfé á gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, dátà àti iná mọ̀nàmọ́ná kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ibi tó ti ń ba nǹkan jẹ́ ni ìgbà tó bá fi ìmeèlì tirẹ̀ kún fọ́ọ̀mù ọmọ, tàbí tó ṣí tuntun fún un, tó sì mú ọ̀rọ̀ aṣínà náà pa mọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìpè dé. Inú àpótí ìmeèlì oníkàfé ló bọ́ sí, láàárín igba lẹ́tà mìíràn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ ti kọjá bí ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó mọ̀ pé wọ́n pe òun. Tìrẹ ni kó jẹ́ ìmeèlì náà, kó sì jẹ́ orúkọ rẹ gan-an. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò lè fi "omoologo4real" kọ̀wé sí ọ̀gá kó sì retí kí wọ́n fojú gidi wò ó.

Bí o ṣe máa dá ìkéde gidi mọ̀? Ètò ìjọba sábà máa ń wà lórí ojú ewé tó parí sí .gov.ng. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀: ti Jubilee Fellows parí sí .ng lásán, òótọ́ sì ni. Torí náà má fi ìyẹn nìkan ṣe ìdájọ́. Pa WhatsApp dé, wá orúkọ ètò náà lórí ojú ewé àjọ tí wọ́n ní ó ni ín. Bí àjọ náà kò bá mọ̀ ọ́n, kí ìwọ náà má mọ̀ ọ́n. Bí nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ bá jẹ́ ti ẹnì kan tí kò ní ọ́fíìsì, tàbí tí àkáǹtì báńkì bá jẹ́ orúkọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n lè ní kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù, kí wọ́n pè é ní owó ìdánilójú, owó aṣọ iṣẹ́, owó àyẹ̀wò ìlera. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Fún ọmọ tí kò lọ sí yunifásítì, ohun kan tó ṣẹ̀lẹ̀ ní 2025 yẹ kó dé etí gbogbo ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú ewé kan, tvet.education.gov.ng, fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là á sí: Technical College ìjọba, irú èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ilé ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ, àti ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó bá wọlé yóò máa gba ₦22,500 lóṣù, ìjọba á sì sanwó fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ tún un kà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà tí òbí ti máa ń gbé owó àti páálí ohun mímu lọ, òun ni ìjọba ń sanwó fún, tó tún ń sanwó fún ọmọ. ₦22,500 kéré; owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ ₦80,000 láti 2025, ₦77,000 sì ni agùnbánirọ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mú owó jáde nílé lóṣooṣù fún ọkọ̀ àti oúnjẹ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ ìyàtọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan pẹ̀lú ní ètò tiwọn. Nestlé ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àgbárá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún oṣù 18 láìgba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń ṣe ìdánwò City and Guilds ti ìlú London. Iye ọmọ tí wọ́n ń gbà kò pọ̀, ìdánwò àtiwọlé rẹ̀ sì le. Ọmọ tó jáde ní Technical College, tó mọ ìṣirò dáadáa, lè gbìyànjú rẹ̀ ju ọmọ tó ní dígírì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di bóòtì lọ.

Ní Jámánì, ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe ìròyìn rárá. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí méjì, apá kan níbi iṣẹ́, apá kan ní ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá ló sì ń sanwó fún un. Láti 2020 ni òfin ti dá iye tí kò gbọ́dọ̀ dín sí sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá níbẹ̀ kì í ṣe aláàánú jù wá lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí àwọn fúnra wọn kọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ àwọn lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, torí ọ̀pọ̀ ètò yìí ń fi ọmọ sí ibi tí ilé-iṣẹ́ bá wà, ilé-iṣẹ́ ńlá kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn tó ìlọ́po méjì ìyẹn, títì ńlá tí wọ́n ní àwọn máa là láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti pẹ́ lẹ́nu wa ju bó ṣe pẹ́ nílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba owó àjẹmọ́nú tó sì ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, awakọ̀ ló ń kọ́ṣẹ́ fún. Kí ọmọ tó gbà láti lọ, kó mú bíró, kó kọ owó ọkọ̀ ọjọ́ márùn-ún, kó sọ ọ́ di ti oṣù, kó fi wé ohun tí wọ́n fẹ́ san. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá gbọ́dọ̀ jáde, kó ronú Ìlọrin kó tó ronú Ìbàdàn. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìpínlẹ̀ tí o fẹ́. Àwọn ọmọ wa ń yan Èkó láìronú, wọn kò sì ní ilé tí wọ́n fẹ́ sùn sí níbẹ̀.

Àbí kó má jáde rárá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá méjì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti LAUTECH àti ti Bowen. Ọ́fíìsì, yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀ka àkọsílẹ̀ àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà nínú wọn. Federal School of Surveying wà ní Ọ̀yọ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Orísun ilé ẹ̀kọ́ náà sì ti wà láti 1908. Àwọn oníwọ̀nlẹ̀ tó ti jáde níbẹ̀ wà káàkiri, wọ́n sì nílò ọmọ tó lè gbé irinṣẹ́ kó sì lò ó. Fáṣọlá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ti di ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá, àwọn tó ń sin màlúù, tó ń fún wàrà, tó ń gbin nǹkan, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà lèèyàn ń gbé lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gbé lẹ́tà lọ nìyí. Kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré. Ní ìlà àkọ́kọ́, sọ ohun tí o fẹ́: àyè ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ní ẹ̀ka báyìí, láti ọjọ́ báyìí. Ní ìlà kejì, sọ ohun tí o ti lè ṣe. Má kọ pé o jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára. Gbogbo ayé ló ń kọ ìyẹn. Kọ pé o ti fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ìyá rẹ ní Akẹ̀sán fún ọdún méjì. Mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì fún ọ. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa, ṣùgbọ́n má fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọ̀gá ni kó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, padà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mìíràn, padà lọ. Àwọn àgbà ọ́fíìsì wa máa ń dán èèyàn wò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ń dán an wò. Bí wọ́n bá gbà ọ́, béèrè owó pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ máa ń fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fún owó ọkọ̀?" Ìbéèrè yìí kò bu ẹnikẹ́ni kù. Bí wọ́n bá ní kò sí, o ti mọ̀, o lè pinnu.

Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, máa kọ ohun tí o ń ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí wọn kò tilẹ̀ ní kí o kọ ọ́. Gba lẹ́tà ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn kí o tó kúrò, nígbà tí wọ́n ṣì rántí ojú rẹ. Bí owó bá pẹ́, torí ó máa ń pẹ́ nínú ètò ìjọba, má fi ìbínú sá kúrò láìfi ìwé sílẹ̀, má sì dúró títí tí gbèsè owó ọkọ̀ yóò fi bo ọ́ mọ́lẹ̀. Fún ara rẹ ní gbèdéke.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtẹ̀wé ní Òwódé, ẹ̀yin oníwẹ́dà, oníná, oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìtajà oògùn ní Tákíè. Àwọn ètò tí mo kà sílẹ̀ yìí máa ń wá ilé-iṣẹ́ àti ọ̀gá tí wọ́n lè fi ọmọ sí lọ́dọ̀, wọ́n sì sábà máa ń rí wọn ní Ìbàdàn àti Èkó, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ ojú ewé àwọn ètò yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè gba ọmọ, kí ìjọba máa sanwó fún ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan ju páálí ohun mímu lọ.

Ọmọ àbúrò mi gbé lẹ́tà lọ sí ibi mẹ́fà. Mẹ́rin kò dáhùn, ọ̀kan ní kò sí àyè. Ìkẹfà gbà á sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣù. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ilé. Kò san owó fọ́ọ̀mù.